Abọ́ Ẹja Tí Fàtímọ̀ Ń Gbé Pamọ́

Ààrò ti ń rú èéfín ní àdúgbò Joju láàárọ̀ Túsìdeè kan. Fàtímọ̀ ayanja ń ṣa ẹja ṣáwá tí Àmọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ apẹja létí òkun, fi ránṣẹ́ gba ọ̀nà Igbesa. Ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ó gbé abọ́ àwọn kékeré wọ yàrá, ó fi aṣọ bò ó.

Kò pẹ́ ni Múyìwá dé pẹ̀lú rúlà rẹ̀. Yunifásítì kan ní Ọ̀tà ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ apẹja ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣírò iye ẹja tí àwọn lè máa kó lọ́dún tí tinú òkun kò fi ní tán. Ẹja tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ayanja ló ń wọ̀n fún ìṣirò náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹja yìí mà tóbi o!"

"Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ọmọ mi."

Ẹ wo ọgbọ́n orí obìnrin yìí! Ọdún méjì gbáko ló fi ń gbé àwọn kékeré pamọ́ fún un. Àwọn ayanja àdúgbò rẹ̀ náà sì ń wò ó ṣe. Ìṣirò Múyìwá wá gbé e jáde pé ẹja àgbà pọ̀ lókun, ni àwọn apẹja bá fi àwọ̀n kún àwọ̀n.

Lọ́dún kẹta, Àmọ̀dá wá sí Joju fúnra rẹ̀. Ó bá Múyìwá lọ́dọ̀ Fàtímọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ òkun, omi lásán ni mò ń fà bọ̀. Ọmọ mi ti jókòó sílé, kò lọ iléèwé mọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í. Gbogbo ẹja tí mo wọ̀n ló ti dàgbà tó èyí tó ń yéyin."

Fàtímọ̀ dá sí i. "Èmi ni o. Mò ń gbé àwọn kékeré pamọ́. Mo rò pé tí ẹ bá rí wọn, ìjọba á fòfin de iṣẹ́ wa."

"Háà, mà! Àwọn kékeré yẹn gan-an ni mò ń wá! Bí èyí tí kò tíì yéyin bá ti ń pọ̀ nínú àwọ̀n, ó túmọ̀ sí pé a ti ń kó o jù nìyẹn. À bá ti dín in kù nígbà náà."

"Ṣé ẹja náà yóò padà?" Àmọ̀dá béèrè.

"Tí gbogbo wa bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, bóyá. Mi ò lè búra."

Àmọ̀dá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Fàtímọ̀, ìwọ!" Ó dìde, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí àbúrò rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Igbesa lọ.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ayanja, nígbà tí ẹni tó ń wọn ẹja bá dé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde fún un, àti ńlá àti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ yé ra ọmọ ẹja tí kò tíì yéyin rí. Fàtímọ̀ ti ń kó gbogbo rẹ̀ jáde báyìí. Kò sí ohun tó pọ̀ níbẹ̀ láti wọ̀n mọ́.