Ikọ́ Ilé Káfíńtà

Ìwọ tó o fẹ́ ka èyí, rọra o. Bí èrò bá wà nítòsí, má kà á sókè. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní àjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá wẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fọ̀ dànù.

Àkọ́bí káfíńtà, ọmọbìnrin, ni ikọ́ náà kọ́kọ́ mú. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ó wúkọ́, ó di àyà mú, ó jókòó lórí pákó tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Kò dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣàìsàn kankan tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ á dé, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e, àyà ọ̀tún á máa dùn ún títí dé èjìká. Tó bá ṣe díẹ̀, á lọ. Wọ́n á wá gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n fún un lóògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lò ó tán. Ikọ́ tún padà wá.

"Àìsàn tí fọ́tò ò rí," ni aránṣọ tó múlé tì wọ́n wí, "ṣé ẹ ò bi ara yín léèrè ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú bá yí sí ìyàwó kékeré. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Kò bímọ. Ìyẹn nìkan ti tó wọn.

Ìyálé rẹ̀, ìyá àwọn ọmọ náà, ò fi bò. "Ìwọ tí o ò rí tìẹ gbé jó, ṣé tèmi lo fẹ́ jẹ tán?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyálé mi. Bí mo bá ń jẹ èèyàn, ṣé bí mo ṣe máa gbẹ bí igi ìdáná rèé?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé. Ìyálé ò rín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyálé jáde láti ká aṣọ. Ẹyẹ dúdú kan bà sórí òrùlé ibi iṣẹ́. Kò ké. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyálé náà bá wo ibi tó ń wò. Lẹ́yìn pákó, Ẹlẹ́rìn-ín àti ọmọ náà ti forí korí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí Màámi mọ̀ pé mo sọ fún yín o."

Ara ìyálé bù máṣọ. Ẹyẹ náà fò lọ.

"Ó ti ń fọmọ mi wọ ẹgbẹ́!" Kílẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́. Káfíńtà ní kí Ẹlẹ́rìn-ín palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹrù náà ni Ẹlẹ́rìn-ín ń dì láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ fi ṣubú. Kò lè mí dáadáa. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Ẹ gbé e, ká máa lọ!" ni káfíńtà pariwo.

Ìyálé dí ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ojú ń tì í. "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀túnla. Ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Ṣé báyìí ló ṣe máa bọ́ṣọ níwájú ọkùnrin tó ń ya fọ́tò yẹn? Ìgbà tó bá mọ́ tán ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

"Tó bá mọ́ tán, ikọ́ náà ti lọ nìyẹn!" Ẹlẹ́rìn-ín ti ju ẹrù sílẹ̀. "Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn pákó nìyẹn. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń mú ikọ́ náà wá. Ó ní ẹ kìlọ̀ fóun pé òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún dókítà."

Ó ti ìyálé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ọmọ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́.

"Àjẹ́ ti gbé e lọ o!" Aránṣọ ló pariwo. Òkò kan bà á lórí. Kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ yẹn, nílé ìwòsàn, fọ́tò rí i. Atẹ́gùn ti kún àyà ọ̀tún, ó ti fún ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn jáde, ọmọ mí. Dókítà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, ó wá bi ọmọ náà léèrè ìgbà tí ikọ́ náà máa ń dé. Ọmọ dáhùn.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n bá àmì pupa pupa lórí awọ tó pààlà àyà àti ikùn, wọ́n gé wọn kúrò, wọ́n sì dí ihò tó wà níbẹ̀.

"Irú ohun tó ń hù nínú ilé ọmọ ló hù síbẹ̀," ni dókítà sọ fún wọn. "Bí ti ìsàlẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tòkè náà á ṣẹ̀jẹ̀. Ó máa lo oògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró. A ó sì máa ṣọ́ ọ, torí ó lè fẹ́ padà. Ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

Ẹlẹ́rìn-ín dúró lẹ́nu ọ̀nà, báńdéèjì lórí. Eyín rẹ̀ ò hàn. Káfíńtà ò lè wò ó lójú. Ìyálé ló yíjú sí.

"Àkọ́bí wa ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe òun náà nìyí? Ṣé o mọ̀?"

Ìyálé fa ìborùn bojú.

"Ìyálé mi," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́jẹ́, "ẹ dá wọn lóhùn."

"Ẹ má bi mí mọ́." Abẹ́ aṣọ lohùn náà ti ń wá. "Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."