Omi Tí Ọláìyá Kì Í Mu

Ọláìyá kì í mu omi tí ó ń tà. Ó ní ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Owódé Onírin. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé omi náà lọ sí Mile 12 àti Kétu. Ṣùgbọ́n omi inú ike ni ó ń rà fún Jayé, ọmọ rẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá rẹ̀ a máa gbé àmù síta fún àwọn tí ń ti oko bọ̀, kí wọ́n mu omi tútù láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí Ọláìyá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe bíi ti ìyá òun. Ọdún méjì ni ó fi ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà owó bò ó lójú. Asẹ́ tí ń yọ ìdọ̀tí gbó, kò pààrọ̀ rẹ̀. Ilé kejì ni ó ń kọ́.

Ní ọdún tí odò ya wọ àdúgbò, omíyalé bo ẹnu kànga dẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí omi fà, kànga náà ń rùn. Ọláìyá da kẹ́míkà sí i títí òórùn náà fi lọ, ó sì ń tà á lọ.

Àbẹ̀kẹ́, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé iṣẹ́ náà, ti ń kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ya etí ọ̀rá omi kan, ó nà án sí Ọláìyá.

"Ìyá Jayé, mu díẹ̀."

"Òùngbẹ kò gbẹ mí."

"Láti ọdún wo? Alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

"Bí ìwàásù bá ń gbóná lẹ́nu rẹ, lọ sí Kétu, ibẹ̀ ni èrò wà."

"Ìwọ ni mo wá bá. Ọlọ́run rí kànga yẹn. Jésù lè wẹ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ gbà pé o dọ̀tí."

"Lọ rán aṣọ rẹ, jàre."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá Ọláìyá wá kí i láti Ìsẹ́yìn. Ọláìyá gbé omi inú ike fún un. Nígbà tí Ọláìyá jáde, ìyá náà rọra rìn lọ sí ilé iṣẹ́, ó mu ọ̀rá omi mẹ́ta. Ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Omi ọmọ mi nìyí. Ó gba iṣẹ́ àmù lọ́wọ́ mi."

Ní ọjọ́ kejì, ó ń bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọsibítù, dókítà ní onígbáméjì ni. "Omi wo ni wọ́n mu?"

Ọláìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora ìyá rẹ̀ ṣe.

Ìyá rẹ̀ la ojú tó ti jìn wọnú. "Ẹ má bá ọmọ mi wí o. Omi tirẹ̀ mọ́. Bóyá ẹ̀wà tí mo jẹ lọ́nà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fọ́ Ọláìyá. "Omi mi ni, dókítà. Mo mọ̀ pé kò mọ́."

Ó pe Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ dé, kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó ní, "Jésù kú fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é pẹ̀lú." Ọláìyá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù. "Jésù, mo dọ̀tí. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Gbà mí."

Jésù gbà á. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ọláìyá ti ilé iṣẹ́ pa, ó sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó omi rẹ̀ padà, ó ń sọ ìdí. Sàká, oníbàárà rẹ̀ ní Ìkòsí, sọ ọ̀rá omi lù ú. "Ìyàwó mi ń mu ún nígbà tí ó wà nínú oyún." Ọláìyá ṣa ọ̀rá náà nílẹ̀, ó sì kó ìyókù sínú ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ kò kú. Ọláìyá sọ gbogbo òtítọ́ fún un, ìyá náà sì kọ ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Bu omi fún mi." Ọláìyá se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún un.

Ó ta ilé kejì, ó fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga tuntun níbi tí odò kì í dé. Láràárọ̀, òun ni ó ń kọ́kọ́ mu omi náà lójú àwọn òṣìṣẹ́. Èrè rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí òun ń ṣiṣẹ́ fún ni.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí ni o ń tà tí o kò lè fún ọmọ rẹ? Má sọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìdámẹ́wàá tí o ń san kò lè fọ kànga rẹ. Jésù lè wẹ ọkàn rẹ. Kúnlẹ̀ kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, sọ òtítọ́ fún un, kí o sì lọ tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe.

Lónìí ni kí o ṣe é. Ẹnìkan tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ ti gbé ohun tí o tà sẹ́nu.