Alùpùpù Ọmọdé Tí Injiníà Divine Ń Tà

Wòlíì Moses ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi àdúrà sórí alùpùpù náà ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì sọ̀ kalẹ̀, tí nǹkan ọ̀hún fi ta kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí ewúrẹ́ tó já okùn. Olúwaṣẹ́gunfúnmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló jókòó lórí rẹ̀. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, irú èyí tí wọ́n ń gùn lẹ́sẹ̀ oko, tí wọ́n ṣe ní kékeré fún ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á wí. Ó gba àárín àwọn akọrin kọjá, ó wó òpó kánópì, àwọn ìyá ìjọ ká aṣọ funfun wọn sókè, wọ́n sá láìwẹ̀yìn. Bọ́sẹ̀dé, ìyá ọmọ náà, kò sá. Òun ló di okùn pupa kan mú, èyí tí wọ́n ní bí òbí bá ti fà á, ẹ́ńjìnì á kú lójú ẹsẹ̀. Ó fà á. Okùn náà tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò so mọ́ ẹ́ńjìnì kankan. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Òkìtì yanrìn ló gba ọmọ náà là. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọ ti da yanrìn ọ̀hún sílẹ̀ láti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, àwọn kan sì ti ń kùn pé wọ́n ń dáwó, wọn ò kọ́lé. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, kò sẹ́ni tó kùn mọ́. Egungun èjìká Ṣẹ́gunfúnmi kán, ojú rẹ̀ bó. Dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ká ní ògiri ni ọmọ náà fi orí gbá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọn ì bá máa sọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bọ́sẹ̀dé bí nìyẹn, lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ọkọ ti ń bá ọkọ rẹ̀ wá ìyàwó mìíràn kiri.

Ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ni Bọ́sẹ̀dé o. Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì tó kàwé dójú àmì. Ó fẹ́ kí ọmọ òun máa gun alùpùpù lẹ́sẹ̀ oko kòkó bàbá òun nígbà Kérésì, kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé ará Èkó dé. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ fún un. Bọ́sẹ̀dé wò ó bí ẹni tó sọ pé kí wọ́n ra ẹṣin. Àmọ́ ó ṣe ìwádìí o. Ó mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sàn ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń dojú dé lọ, pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, pé ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kó sáré jù, pé ìka ọmọ gbọ́dọ̀ tó bíréèkì, pé ọmọ gbọ́dọ̀ dé akoto tó bá orí rẹ̀ mu, pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ó to ìbéèrè sórí bí ẹni tó ń lọ yẹ òṣìṣẹ́ wò fún ìgbéga. Gbogbo ìmọ̀ yìí ló rù dé iwájú Injiníà Divine ní Ọrẹ́gùn.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ni Injiníà Divine ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọlọ́jà yòókù máa ń fa aṣọ oníbàárà ya ni. Èyí kò fa ẹnikẹ́ni. Ó gbé Ṣẹ́gunfúnmi jókòó sórí alùpùpù kékeré kan, ó wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kanlẹ̀, ó wo bí ìka rẹ̀ ṣe gùn tó, ó mi orí.

"Màdáàmù, ẹ má bínú. Mi ò ní tà á fún yín. Ọmọ yín ò tíì tó o."

Háà! Nínú gbogbo Èkó, níbo lẹ ti rí ọlọ́jà tó ń lé owó? Ìbéèrè Bọ́sẹ̀dé wọmi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wá fi ọ̀rọ̀ wá ọlọ́jà lẹ́nu wò, òun ló wá ń bẹ̀bẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó pe Wòlíì Moses pé kí wọ́n bá òun bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Injiníà Divine mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, ọ̀kan ṣoṣo ló wà, wọ́n ṣe é fún ọmọ ẹlẹgẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ nítorí ààbò rẹ̀ pọ̀. Ó gun ọ̀kan tó jẹ́ ojúlówó níwájú wọn, ó fa okùn pupa, ẹ́ńjìnì kú pẹ̀sẹ̀. Èyí tó gbé fún wọn, nínú ọ̀rá ló wà, tó fi tépù dì mọ́lẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ títí ìjọ yóò fi yà á sí mímọ́, torí ohun tí a bá fẹ́ gbé ọmọ lé, Ọlọ́run ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ sí i. Bọ́sẹ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó dé Aláúsá, ó yin ọkùnrin náà fún gbogbo ẹni tó létí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ní ọsibítù. Ó rántí àwọn alùpùpù tó kù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ fún àwọn tó ti sanwó. Kérésì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn, wọ́n á ti wà ní yàrá àwọn tó rà wọ́n báyìí, wọ́n ń dúró de ọmọ tí yóò gùn wọ́n. Àwọn ọmọ wo ni? Divine nìkan ló mọ̀.

Ínsípẹ́kítọ̀ Munirat ni wọ́n fa ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí mẹkáníìkì tú alùpùpù náà níwájú òun. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ́ńjìnì ọ̀kadà àlòkù, tí wọ́n fi tipátipá há sábẹ́ ike tí wọ́n kùn ní búlúù. Ohun tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kó sáré jù, ìdérí agolo tòmátò ni, wọ́n kùn ún ní dúdú. Wáyà bíréèkì bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́, kò sì dé ibì kankan.

Munirat wọ léèsì, ó fi góòlù sétí, ó lọ sí Ọrẹ́gùn bí ìyá olówó. Divine tún ti ń mi orí sí i pé òun kò ní tajà fún un, àfi bó ṣe rí Bọ́sẹ̀dé tó yọjú láti inú mọ́tò níta. Ìyá náà ò lè mú sùúrù, ẹ dákun, ẹ dárí jì í. Divine ní òun fẹ́ lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gbà jáde. Àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń jáde ni, ó bọ́ sáàárín wọn, ó bọ́ bàtà, ó sì pòórá.

Munirat kò sáré. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn alùpùpù ńláńlá tó wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára gbogbo wọn, epo wà nínú wọn.

"Olè tó ní gbogbo ìwọ̀nyí, ẹsẹ̀ ló fi sá," ó wí fún Bọ́sẹ̀dé. "Ó mọ ohun tó ń tà."

Wọ́n tọpa rẹ̀ dé Agége, sí ọgbà Síkírù, ajórin tó ń bá a há ẹ́ńjìnì sínú ike. Wọ́n bá fìlà Divine lórí bẹ́ǹṣì, tíì tó ń mu ṣì ń gbóná. Síkírù ní òun rò pé ọ̀ṣọ́ ilé ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe.

"Ọ̀ṣọ́ ilé tó ní ẹ́ńjìnì?" Munirat bi í.

Síkírù wo ilẹ̀. "Ọ̀gá ti lọ wọ bọ́ọ̀sì BRT l'Ábúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n ní àwọn ń lọ gba owó l'Érékùṣù Èkó."

Ká sọ òótọ́, ọlọ́pàá kọ́ ló mú Divine. Bí ó ti dé ibùdókọ̀ Abúlé Ẹ̀gbá, ó rí ìlà gígùn, ó sì rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè, ló bá já wọ iwájú ìlà. Ó ti lu ọmọlúàbí ní jìbìtì káàkiri Ìkẹjà, ayé dákẹ́. Ó já ìlà BRT, ayé dìde. Ìyá kan di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó ní àárọ̀ ni òun ti dúró, ilé baba ta ló rò pé òun wà. Ọkùnrin méjì dì í lápá. Nígbà tí Munirat fi dé, iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ lọ.

Ní tẹ́ṣàn, wọ́n gbé alùpùpù búlúù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Munirat àti Divine jókòó tì í, Bọ́sẹ̀dé wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Orúkọ?"

"Injiníà Divine."

"Èyí tí ìyá rẹ fi ń pè ọ́ ni mò ń bi ọ́."

"Ayọ̀tọ́lá."

"Níbo lo ti kọ́ iṣẹ́ injiníà?"

"Ẹ̀bùn ni, mà."

"Àwọn wo lo tún tà á fún?"

"Èyí nìkan ni mo tà. Kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Omi àdúrà ló wọnú ẹ́ńjìnì. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà sí i, ṣé mo ní kí wọ́n bu omi sí i ni?"

Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ti wà lọ́nà, wọn yóò gba béèlì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì mọ̀. Bí ó bá jáde, orúkọ àwọn tó rà á bá a lọ nìyẹn. Bọ́sẹ̀dé dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá Aláúsá kúnlẹ̀ síwájú olè, lójú gbogbo ọlọ́pàá.

"Mo fi owó yẹn jì ọ́. Ṣáà dárúkọ àwọn tó kù fún mi. Ọmọ ni wọ́n."

Ayọ̀tọ́lá yí ojú sí ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi gbé kúlà ìrẹsì wọlé, òun àti ọmọkùnrin wọn, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, ẹgbẹ́ Ṣẹ́gunfúnmi. Obìnrin náà ń ṣàlàyé fún ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pé ọkọ òun kì í jẹ ata púpọ̀. Ọmọ kò bá wọn dá sí i. Ó ti rí alùpùpù búlúù. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ti jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà lórí kọ́kọ́rọ́.

Ayọ̀tọ́lá fò. Ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́ ọn ṣubú, Ayọ̀tọ́lá wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó fi èjìká gbá ọmọ náà kúrò lórí alùpùpù, ó dùbúlẹ̀ lé alùpùpù náà.

"Má fọwọ́ kàn án! Kò ní bíréèkì! Ó máa pa ọ́!"

Munirat fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó jókòó.

"Tún un sọ. Ohùn rẹ lọ sílẹ̀ díẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó rí gbogbo ojú tó ń wò ó, ó sì mọ̀ pé lọ́yà kankan kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì mọ́. Ọlọ́pàá tó wọ́ nílẹ̀ dìde, ó ń gbọn ekuru ṣòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀kán epo kan nínú alùpùpù yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni àwọn ọlọ́pàá ti fà á tán sínú jẹnẹrétọ̀ wọn. Kì í ṣe ìwà tó dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá wọn wí lọ́jọ́ yẹn.

Ayọ̀tọ́lá jẹ́wọ́ pátá. Ó dárúkọ àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, Bọ́sẹ̀dé ń pè wọ́n lórí fóònù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúpẹ́. Ẹnì kan ní ìlara ló ń ṣe é. Ẹnì kan ní Injiníà Divine ọ̀hún kò kọ́kọ́ fẹ́ tajà fún òun, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ olè. Àwọn ọlọ́pàá ní láti lọ gbé tirẹ̀ fúnra wọn. Ní Ọjọ́dú, bàbá kan ti rí i pé Kérésì jìnnà jù. Ó ti dé akoto fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e nígbà tí fóònù dún. Bàbá náà ní kí wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó ń pe ọmọ pé kó bọ́ sílẹ̀. Ó padà sórí fóònù, èémí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Láti ọjọ́ Sunday, Bọ́sẹ̀dé kò tíì sunkún. Ibẹ̀ ló ti sun ún, ó sun ún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó Ayọ̀tọ́lá fi fún un ní aṣọ ìnujú.

Nígbà tí wọ́n ń mú Ayọ̀tọ́lá lọ sí àtìmọ́lé, ọmọ rẹ̀ dìde.

"Dádì, ẹ kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn alùpùpù yìí nílé. Ṣé ẹ ò sọ fún àwọn ọmọ yẹn ni?"

Ọkùnrin tí kò sí ìbéèrè oníbàárà tí kò ní ìdáhùn sí, ó yí ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. Ọlọ́pàá tì í wọlé. Ìyàwó rẹ̀ gbé kúlà ìrẹsì, kò tíì ṣí i, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì gba ilé lọ.