Àtàǹpàkò Orí Ìlà Kìíní

Èèyàn mẹ́tàdínlógún la dá padà lọ́jọ́ Ajé yẹn, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè òdìkejì afárá fọwọ́ sí i pé méjìdínlógún làwọn gbà.

Èmi ni akọ̀wé tó ń gba ìtẹ̀ka. Ìjọba ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kọjá afárá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibodè náà kò gba àríyànjiyàn. Ìbọn wà níhìn-ín, ìbọn wà lọ́hùn-ún. Orúkọ làwa fi ń ka èèyàn, àtàǹpàkò inú ìwé ìtẹ̀ka làwọn ará òdìkejì fi ń kà. Tí ẹnì kan bá bẹ̀ mí pé ìyàwó òun wà nílé, kí n jẹ́ kóun lọ dágbére, màá ní, "Òfin ni, ẹ má bínú." Mo ti sọ ọ́ títí, kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan tún lé. Ọ̀gá ní ká panu mọ́, ká má fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Lọ́jọ́ kẹta, mo di ife tíì gbígbóná mú, àtàǹpàkò mi kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, apá mi ti kú dé ìgbọ̀nwọ́. Kò dùn mí, kò sì bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ yẹn ni dẹ́rẹ́bà tó ń kó wọn kọjá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìbejì ni yín?"

"Rárá o. Kí ló dé?"

"Ọkùnrin kan ló ń kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi lójoojúmọ́. Mi ò rí i nígbà tó wọkọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó òun." Ó wo ojú mi, ó gbójú kúrò.

Mo lọ ṣí ìwé ìtẹ̀ka. Lórí ìlà kìíní ojoojúmọ́, àtàǹpàkò wà níbẹ̀, orúkọ ò sí. Tèmi ni. Àràárọ̀ ni mo máa ń fi àtàǹpàkò mi dán tàdáwà wò létí ìwé, bí akọ̀wé tó ṣáájú mi ṣe kọ́ mi. Ìwé tuntun tí ìjọba kó wá lọ́sẹ̀ yẹn kò fi àyè sílẹ̀ létí, ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà.

Mo sáré relé. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó fẹsẹ̀ tì í. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàsán, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Èmi ni, ìyá ọmọ mi."

"Ẹ má bínú. Ọkọ mi ò sí nílé. Wọ́n ti kó o kọjá afárá." Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, olùṣọ́ ẹnu géètì iléeṣẹ́ wa béèrè ìwé mi. Àpò mi ṣófo. Ó ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn yòókù tí kò níwèé. Akọ̀wé tuntun ti wà lórí àga mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ìyàwó mi wà nílé.

"Òfin ni, ẹ má bínú, bàbá."

Ó fa ọwọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà kìíní. Ìwé náà funfun. Ó tún un tẹ̀, kò yọ.

"Àfi bíi pé tàdáwà yìí ti gbẹ," ló ń dá sọ. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ ìlà náà láti dán an wò, tirẹ̀ sì hàn ketekete. Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún un. Mo kàn jókòó, mò ń wò ó.