Ìbéèrè Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Ògúndìran

Eruku pupa ni Ọmọlará kọ́kọ́ rí, kó tó rí kẹ̀kẹ́, kó tó wá rí ọkùnrin tó wà lórí rẹ̀. Ó jókòó nídìí agbada, ó ń yan gàrí, èéfín ń ta á lójú, síbẹ̀ ó rí i pé àlejò náà ga, pé ó dé fìlà ìjọba, pé gbogbo ara rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó ṣí fìlà, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló dúdú. Ẹ̀rín pa Ọmọlará, ó yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin náà rí i. Òun náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun láàárín eruku. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ògúndìran baba Ọmọlará, ló wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní Mùsílíù lorúkọ òun, ọmọ Àjàṣẹ́ lòun, òun fẹ́ bèèrè nǹkan mẹ́ta, kí Màmá má bínú.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nílé yìí wà lẹ́wọ̀n?"

"Rárá o."

"Ǹjẹ́ òtòṣì wà, tó ń tọrọ jẹ?"

"Láyéláyé."

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tí orí rẹ̀ ò pé?"

Inú Ìyá Àgbà dùn dé gongo. Ta ni kò mọ ìbéèrè wọ̀nyí? Àwọn ni alárinà máa ń bèèrè kí ìdílé ọkọ tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n á wádìí bóyá wọ́n ń jalè nílé yẹn, bóyá ìṣẹ́ ń bá wọn jà, bóyá wèrè ń ṣe wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Òpómẹ́ta, abúlé wọn, pé ìdílé kan láti Odòmẹ́ta ní Ọmọlará lọ́kàn. Bí wọ́n bá wá rán akọ̀wé wá wádìí, a jẹ́ pé ìdílé ńlá ni wọ́n.

"Kò sí wèrè nílé wa," ó wí, ohùn rẹ̀ ò mì rárá. "Ẹ̀jẹ̀ wa mọ́ bí omi òjò. Àwẹ̀ró, bu omi fún àlejò."

Àwẹ̀ró ni oríkì Ọmọlará. Ó lọ síbi àmù, ó bu omi òjò tó kù nísàlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà fún un. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọra, ilẹ̀ Kétu ti gbẹ, kànga ibẹ̀ sì jìn débi pé okùn ń tán kí omi tó dé. Ẹni tó bá fún ọ lómi lásìkò bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ ni. Ẹnu ya Mùsílíù. Ní gbogbo abúlé tó ti là kọjá, wọ́n ń sá fún un ni. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká ka wèrè. Ó mu omi náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọbìnrin tó bu ú.

Nígbà tó mu ún tán, ó yọ ìwé, ó kọ nǹkan sí i. Ọmọlará tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Alárinà kì í kọ̀wé.

Ó tẹ̀ lé e dé ìdí àràbà tó wà lẹ́yìn ilé.

"Akọ̀wé, ta ló rán yín?"

"Kòmándà ni, òyìnbó tó ń ṣàkóso Kétu. Wọ́n ń ka ẹlẹ́wọ̀n, òtòṣì àti aṣiwèrè gbogbo ilẹ̀ Kétu."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ẹlẹ́wọ̀n ti wà níbi tó wà. Òtòṣì, wọ́n á kàn kà á lásán. Aṣiwèrè tí kò bá ní onídùúró, wọ́n á wá mú un, wọ́n á tì í mọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n."

"Irú onídùúró wo?"

"Ìbátan rẹ̀ ni, tó mọ̀wé, tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un." Mùsílíù wò ó lójú. "Ẹ ò ṣáà ní aṣiwèrè nílé?"

"A ò ní," Ọmọlará wí, ó sì yí padà kó má baà rí ojú òun.

Wọ́n ní. Barnabé ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà lábà baba wọn lọ́nà Adakplamẹ̀ lákòókò náà, tó ń kọ ebè. Nígbà ogun Jámánì, akọ̀wé kan wá sí Òpómẹ́ta, ó kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́, Barnabé sì bá wọn lọ. Ẹ̀wù sójà kan ló gbé bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé gbogbo ara rẹ̀ bọ̀. Bí ọdẹ bá yìnbọn nínú igbó, á dojú bolẹ̀, á máa fi èékánná wa ilẹ̀. Bó bá gbọ́ fèrè, á nàró bí òpó. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí, ọmọdé kékeré lè fà á lọ́wọ́ lọ sóko. Nílé Ògúndìran, kò sẹ́ni tó mọ̀wé àfi Barnabé fúnra rẹ̀, kò sì tún rántí orúkọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Irọ́ ti wọ inú ìwé kòmándà, Ìyá Àgbà ò sì mọ̀ pé kòmándà lòun pa á fún. Nígbà tí Ọmọlará ṣàlàyé fún un, ó fi ọwọ́ lérí. Ọmọlará ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnu bá ti pa mọ́, ewu ti kọjá, bó ṣe rò ó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Mùsílíù padà wá. Ó ní òǹgbẹ ló ń gbẹ òun.

"Akọ̀wé, ṣé kànga Kétu ti wó ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò dùn tó tiyín."

"Òjò kan náà ló rọ̀ sórí gbogbo wa."

"Bóyá ọwọ́ tó bu ú ló yàtọ̀."

Ọmọlará ní kó máa tan ara rẹ̀ lọ, ó sì bu omi fún un. Ó wá léraléra lẹ́yìn ìyẹn, nígbà mìíràn á gbé iyọ̀ dání, nígbà mìíràn á kàn jókòó tì í nídìí agbada, á máa bá a fẹ́ iná títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Ó ń pè é ní Àwẹ̀ró bíi pé láti ìgbà ìkókó rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Ọmọlará fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìgbàkigbà tí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù á bà á, á sì yára wo ọ̀nà abà.

Ògúndìran ò fẹ́ rí i sójú. "Akọ̀wé ló gba àkọ́bí lọ́wọ́ mi," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní fún akọ̀wé ní èyí tó kù."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mùsílíù dé pẹ̀lú ayọ̀ lójú. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sílé. Àyìsátù, àbúrò baba òun tó ń ta aṣọ l'Ájàṣẹ́, ń bọ̀ wá wádìí ilé wọn.

"Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni."

Ọmọlará kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó wò pé òun á tún kúnlẹ̀ níwájú obìnrin àgbàlagbà, òun á ní ẹ̀gbọ́n òun kò sí láyé, òun á sì wọ ilé ọkọ lórí irọ́ náà. Kò lè ṣe é. Ó mú Mùsílíù lọ sídìí àràbà, ó sọ ọ́ fún un pátá.

Mùsílíù ti ọwọ́ bọ àpò, ó fọwọ́ kan ìwé rẹ̀.

"O jẹ́ kí n kọ irọ́ fún kòmándà."

"Ìyá Àgbà rò pé alárinà ni yín."

"Ìyá Àgbà rò bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? O ti mọ̀ kí n tó gun kẹ̀kẹ́ mi kúrò níbí."

Mùsílíù ka ọjọ́ lórí ìka.

"Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kòmándà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Bó bá rí i, ẹ̀wọ̀n ni tèmi."

"Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, ẹ̀wọ̀n ni tirẹ̀. Kò ní pẹ́ kú níbẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Mùsílíù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò dágbére.

Kò padà wá mọ́. Ọmọlará ń yan gàrí, ó ń jóná, Ìyá Àgbà ń wò ó, kò bá a wí. Ẹ̀rù ń bà á nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìrònú ọkùnrin náà sì ń pa á, ojú ń tì í pé òun lè máa ronú ọkùnrin nígbà tí ewu bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ìbínú lásán lè mú kí Mùsílíù kọ orúkọ Barnabé, kò sì ní jẹ̀bi rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, Ògúndìran mú Barnabé lọ sábà láàárọ̀, ó ní kó má kúrò nídìí iṣu, òun sì padà wálé. Gbogbo abúlé kó jọ sábẹ́ àràbà. Kòmándà jókòó sórí àga, ògbufọ̀ dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, Mùsílíù dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ti rù. Kò wo apá ibi tí Ọmọlará wà.

Gáàdì kan gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́ kí àwọn èèyàn lè dákẹ́.

Ọmọlará ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí fèrè tó dákẹ́. Abà jìnnà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sápá ibẹ̀. Wọn ò tíì ka ilé púpọ̀ tí Barnabé fi yọ láàárín oko, ó ń sáré, ó wọ ẹ̀wù sójà rẹ̀ tó ti ya, erùpẹ̀ ebè ṣì wà ní orúnkún rẹ̀. Ó wá síwájú kòmándà, ó nàró, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Gáàdì kan rẹ́rìn-ín. Kòmándà ò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ta nìyí, wọ́n ní ọmọ Ògúndìran ni. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Mùsílíù, ó wá ilé Ògúndìran, ó rí i pé akọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí aṣiwèrè nílé náà. Ó fọwọ́ sọ fún àwọn gáàdì, wọ́n di Barnabé mú lápá méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà náà ni Mùsílíù wo Ọmọlará. Ó lè sọ pé wọ́n tan òun ni. Òtítọ́ ni, á sì gbà á là, Ògúndìran ni wọn á so lọ́wọ́.

"Èmi ni mo ṣì í kọ," ó wí. Ó sọ ọ́ lédè Faransé, ó sì tún un sọ lédè wa kí gbogbo ènìyàn gbọ́. "Orí rẹ̀ ò pé. Kò léwu. Ó ní onídùúró."

Ògbufọ̀ ní kòmándà ń bèèrè ta ni.

"Èmi ni."

"Ìwọ ará Àjàṣẹ́? Kí ló kàn ọ́ nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni."

Kòmándà yíjú sí Ògúndìran, ògbufọ̀ sì bi í léèrè bóyá òótọ́ ni pé akọ̀wé yìí jẹ́ àna rẹ̀. Ògúndìran wo ọkùnrin tó kórìíra náà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn gáàdì. Ẹni tó bá fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ níwájú ìlú kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Àna mi ni."

"Ìwọ obìnrin ńkọ́?"

Ohùn Ọmọlará jáde kedere. "Ọkọ mi ni."

Kòmándà mí kanlẹ̀. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún fún wèrè tí kò sẹ́ni tó fẹ́ bọ́ wọn, kí akọ̀wé fọwọ́ síwèé kó sì máa bọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà níbẹ̀ fún akọ̀wé tó ń kọ irọ́. Mùsílíù fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí fìlà ìjọba lórí rẹ̀, wọ́n sì so ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ, Barnabé tí wọ́n ti tú sílẹ̀ nàró, ó sì gbé ọwọ́ síwájú orí fún un.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí Mùsílíù ti ẹ̀wọ̀n dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, nítorí kẹ̀kẹ́ náà ti ìjọba ni. Ó gbẹ bí igi, ẹ̀wù rẹ̀ ń tú dànù lára rẹ̀, Àyìsátù àbúrò baba rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ pẹ̀lú ojú líle. Àyìsátù jókòó sórí ẹní ẹnu ọ̀nà, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ohun tí òun wá ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é. Ó bèèrè ìbéèrè mẹ́ta náà.

Ìyá Àgbà wo Ọmọlará. Ọmọlará kúnlẹ̀.

"Kò sí ẹlẹ́wọ̀n nílé wa, Màmá. A kì í tọrọ jẹ. Wèrè wà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ogun ló kó bá a, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ṣùgbọ́n nílé wa ló wà, níbẹ̀ náà ló sì máa wà."

Àyìsátù bọ́ ìborùn rẹ̀ tó ti rẹ, ó fún omi rẹ̀ dànù. Òjò ń dún lórí koríko ilé.

"Mo pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́nà," ó wí níkẹyìn. "Ó gba ẹrù lórí mi, ó kí mi bí ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gágun. Mo ti rí ẹni tórí rẹ̀ pé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ìyá Àgbà wúkọ́. "Ó kàn wá. Ǹjẹ́ ẹlẹ́wọ̀n wà nílé tiyín?"

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀. "Ó wà, Màmá. Èmi ni."

"Òtòṣì ńkọ́?"

"Ó wà. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi náà ni."

"Wèrè?"

Mùsílíù wo Ọmọlará, eyín rẹ̀ sì funfun bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Màmá, ẹni tó sọ iṣẹ́ ìjọba nù nítorí igbá omi kan, kí lẹ máa ń pe onítọ̀hún ní Kétu?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ògúndìran, tó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà náà, jáde síta. Ó fọwọ́ gbé Mùsílíù nílẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀ kúrò, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó wí, "bu omi fún ọkọ rẹ."

Àmù ti kún dé ẹnu. Ọmọlará bu omi náà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mùsílíù mu ìlàjì, ó sì dá igbá náà padà fún un kó mu èyí tó kù.