Agogo Tó Dáhùn Lẹ́yìn Aṣọ

Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi kòró. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí lónírọ́ lè pè mí, àmọ́ mi ò mutí lọ́jọ́ náà, tíì ni mò ń pò. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Glenys la máa ń bójú tó tíì àti kéèkì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo oṣù kọkànlá, tí àwọn àgbà ọkùnrin ìlú bá kó reluwé ìṣeré kéékèèké wọn wá pàtẹ. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ àgùntàn tí kò tó èékánná mọ́ pápá.

Malcolm, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, àti Clive ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ kọ́ téṣàn tiwọn sórí tábìlì gígùn kan. Clive á jókòó níwájú, níbi tí èrò ti ń wòran. Malcolm á wà lẹ́yìn aṣọ dúdú kan ní ìpẹ̀kun tábìlì, níbi tí reluwé máa ń wọ̀ lọ tá ò ní rí i mọ́. Wọn kì í la ẹnu bára wọn sọ̀rọ̀. Agogo kékeré tó ń lo iná ni wọ́n ń tẹ̀ síra wọn, bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ reluwé gidi láyé àtijọ́; bí ọ̀kan bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló ti máa dún. Clive á tẹ agogo láti bèèrè bóyá ọ̀nà ṣófo. Bí Malcolm ò bá tẹ tiẹ̀ padà, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan.

Níbi ìpàtẹ ọdún tó kọjá, Malcolm ní àyà ń dun òun. Ó dìde lẹ́yìn aṣọ, ó lọ sílé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a.

Lọ́dún yìí Clive nìkan ló pàtẹ téṣàn náà. Kò sẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn aṣọ, nítorí náà iwájú nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ta ilé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọ rẹ̀ máa wá mú un lọ sí etí òkun, ibi tó jìnnà sí sàréè Malcolm. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé kì í ṣe pé òun ń sá fi ọkọ òun sílẹ̀ báyìí? Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí. Mo ní kó máa gé kéèkì.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí èrò tán. Òjò ń kan fèrèsé. Mo yọ wáyà iná tábìlì náà, torí mo fẹ́ ki ti ìkòkò tíì bọ ibẹ̀. Clive ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Bó ṣe mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi agogo, ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn aṣọ, agogo dún.

Lẹ́yìn náà ni ti iwájú Clive dún padà.

Wáyà iná tí mo yọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ká aṣọ náà sókè. Àga Malcolm nìkan ló wà níbẹ̀. Eruku orí rẹ̀ ò tíì kúrò. Ara mi bù máṣọ.

Clive ò wojú ẹnikẹ́ni. "Láti àárọ̀ ló ti ń dá mi lóhùn," ló wí. "Inú mi ń dùn ni mi ò fi sọ."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ lálẹ́ á tẹ agogo lẹ́ẹ̀méje, á sinmi, á tẹ márùn-ún, á tún tẹ márùn-ún. Ẹnì kejì á tẹ iye kan náà padà, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Malcolm lọ sílé láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú òfin wọn, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́ fún un, Clive," ni Glenys wí. "Jẹ́ kó lọ sinmi."

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Ìwọ rí tìẹ gbọ́ lónìí. Èmi ńkọ́?"

Clive dìde fún un. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Méje. Márùn-ún. Márùn-ún.

Òjò nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó pẹ́, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú. Ó dún lẹ́ẹ̀méje. Ó dún lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó tún bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ó dúró.

A dúró dè é títí. Clive ní ẹyọ kan ló kù, Malcolm ò tíì parí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ògiri mẹ́ta ló kùn nínú ilé ìwẹ̀ mi," ló wí. "Ẹ̀kẹrin wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi ta ilé."

Clive tú agogo iwájú rẹ̀ kúrò lára tábìlì. Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó nà án sí Glenys.

Etí òkun ni ẹ̀gbọ́n mi wà báyìí, agogo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday. Mi ò bi í rí, òun náà ò sì sọ. Àmọ́ nígbà míì, láàárín ọ̀rọ̀, á dákẹ́ lójijì. Èmi náà á dákẹ́, àwa méjèèjì á máa tẹ́tí.