Irin Etí Ìró Bertha

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Morákinyọ̀ ń kánjú jáde nílé rẹ̀ ládùúgbò Fante New Town. Bertha, ìyàwó rẹ̀, tó máa ń fọ aṣọ iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, wà nídìí ọpọ́n.

"Bàbá Gifty, mo rí nǹkan kan lápò aṣọ Kwaku o."

"Mo ti pẹ́. Ó di ìrọ̀lẹ́."

Irin kékeré tó ń dán ni. Bertha kì í fi ohun olóhun ṣeré. Ó dì í sétí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó sì há a mọ́ ìbàdí.

Ìtànṣán átọ́míìkì ni wọ́n fi ń yẹ ojú páìpù tí wọ́n jó pọ̀ wò níbi iṣẹ́ Morákinyọ̀, òun ló sì ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà. Nígbà tó débẹ̀, mítà tó ń wọn ìtànṣán fi hàn pé irin inú ẹ̀rọ kan kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, àwọn olùyẹ̀wò átọ́míìkì ń bọ̀ lónìí, tìjọba àti tàgbáyé," Godfred, ọ̀gá rẹ̀, ní. "Wọ́n á ti ilé-iṣẹ́ yìí pa! Kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yẹn wà níbi iṣẹ́ kan ní Obuasi."

Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò náà dé, Rashida, ọmọ Yorùbá láti Sawaba tó jẹ́ olórí wọn, wo Morákinyọ̀ lójú. "Ẹ̀gbọ́n, bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ sọ ọ́. Mítà wa lè rí i lónìí. Ẹni tó bá gbé e mọ́ra, á jó o dénú egungun, kò sì ní mọ̀."

"Gbogbo ẹ̀ pé," ni ọkùnrin yìí wí, ó sì buwọ́ lùwé. Ojo burúkú! Ẹ̀rù iṣẹ́ bà á débi pé kò rántí bi Bertha léèrè nírọ̀lẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa lé e bá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ti Morákinyọ̀. Bertha ń bì, ìbàdí rẹ̀ ti bó. "Ɛyɛ me ya," ló ń ké, ó ń dùn ún gan-an. L'Ọ́jọ́bọ̀, Rashida, tó lọ sí Obuasi tí kò rí ẹ̀rọ kankan, padà sílé-iṣẹ́ náà, ó bá Kwaku tó ń tiro, itan rẹ̀ ti jóná. Kwaku ní òun ṣa irin kan nílẹ̀ níbi iṣẹ́, ó wà lápò aṣọ tóun kó fún Bertha. Bí wọ́n ṣe wọ ilé Morákinyọ̀, mítà figbe ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bertha fi jẹrora ní ọsibítù kó tó kú. Ohun tó bi ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn ni pé, "Ṣé Kwaku ti rí irin ẹ̀ gbà?"

Morákinyọ̀ àti Godfred wà lẹ́wọ̀n báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá rí irin tẹ́ ò mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sún jìnnà, ẹ lé ọmọdé kúrò, kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá. Ìwọ tí wọ́n fi ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó bá sọnù, sọ ọ́ ní wákàtí yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni Morákinyọ̀ ì bá sọ lọ́jọ́ Ajé yẹn: "Ọ̀kan ti sọnù."